Ògiri Pupa Òkè-Bùkún

Ọ̀gá mi, Bàbá Jéékọ́bù ará Ìyámoyè, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn igi ọdán fún mi. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé mo ti gbọ́ ọ tán. Ó ní ọkùnrin kan wà ní oríta tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù ńlá. Igi ọdán kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń bo pátákó tó kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n gé e, wọ́n sì gé e. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ayé ti ń rí pátákó láti òkèèrè, kò sì sí ẹni tó ń yà. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀, tí wọ́n máa ń sọ ẹrù wọn kalẹ̀ lábẹ́ igi náà, kọjá lọ sí abẹ́ máńgòrò ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ra iyọ̀ àti kẹrosíìnì. Bí ọ̀gá mi bá dé ibẹ̀, á wò mí, á ní, "Kí lo rí gbọ́?" Èmi á ní, "Ká má gé igi." Á mi orí, á ní, "O ò tíì gbọ́."

Ó lé ní ogójì ọdún báyìí. Orúnkún mi ti ní kí n jókòó, mo sì ti jókòó, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo ti gbọ́ ìtàn náà.

Iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe kò ní orúkọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní bíríkìlà ni mí, àwọn kan ní káfíńtà. Ìyàwó mi máa ń sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé, "Ó máa ń wo igi." Ìyẹn gan-an ló súnmọ́ ọn jù. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, n ó lọ wo ilẹ̀ rẹ̀, n ó wo igi tó wà níbẹ̀, òkúta tó wà níbẹ̀, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, àti ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ láyé àtijọ́. N ó wá kọ́ ṣọ́ọ̀bù tó dà bíi pé ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló hù ú. Àwọn ọmọ tó lọ sí yunifásítì ń pè é ní dìsáìnì lónìí. Kò burú. Orúkọ ò ní kí iṣẹ́ rọrùn.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Bàbá Jéékọ́bù kò gba ìtàn gígùn. Bàbá mi mú mi lọ, ó fi mí sílẹ̀, ó bá ọkọ̀ padà sí Kàbà. Owó iṣẹ́ náà tó jẹun, kò tó fọ́nnu. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbọ́ ni bí ọkùnrin yẹn ṣe le tó. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan símẹ́ńtì. Èèkàn mẹ́ta ló kó fún mi. Ó ní kí n lọ jókòó sórí ilẹ̀ oníbàárà láti àfẹ̀mọ́jú títí oòrùn á fi wọ̀, kí n kan èèkàn kan mọ́ ibi tí òjìji igi dé láàárọ̀, kí n kan ọ̀kan mọ́ ibi tó dé lọ́sàn-án, kí n kan ìkẹta mọ́ ti ìrọ̀lẹ́. Bí òun náà bá dé, á béèrè ẹni tó kọjá, ibi tí onítọ̀hún ti sinmi, àti ohun tó rù. Bí mo bá ní mi ò ṣàkíyèsí, ó di kí n tún jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kan, mo kan èèkàn ìkẹta tán, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, mo rí èèkàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkàn mi balẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá ní kí n máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ bí èèkàn ṣe wí. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi gbẹ́ ẹ, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Òun jókòó sábẹ́ igi, ó ń jẹ iṣu sísun. Ìgbà tí mo gbẹ́ ẹ tán ló tó sọ fún mi pé òun ti sún méjì nínú àwọn èèkàn náà nígbà tí mo ń sùn.

"Bí o ṣe sùn," ó ní, "òjìji ò sùn. Dí i padà."

Mo dí i padà. Mo ń sunkún, mo sì ń bú u nínú. Ó jọ pé ó mọ̀, torí ó fún mi ní iṣu tó kù.

Òfin rẹ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Bí o bá fẹ́ mú ohun ìbílẹ̀ kan fi ṣe ṣọ́ọ̀bù lọ́ṣọ̀ọ́, ìbáà ṣe ìlà ara ìkòkò, ìbáà ṣe ọnà ara ilẹ̀kùn ààfin, ẹni méjì ni o gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn: ẹni tó ni ín, àti ẹni tó máa rí i. Ó ní ẹni tó ni ín lè fún ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó máa rí i ló máa sọ ohun tó jẹ́. Èmi a máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá" ló pọ̀ jù lẹ́nu mi nígbà náà.

Mo gbòmìnira. Ṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ sọ mí di ẹni tí wọ́n ń wá wà ní Ẹ̀gbẹ́, lójú ọ̀nà tí àwọn tó ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ń gbà. Onílé ní kí n fọ́ àpáta kan tó wà níwájú. Mo kan èèkàn mi, mo jókòó. Mo rí i pé àwọn tó ń ti ọsibítù bọ̀ máa ń fara ti àpáta yẹn. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn á kàn fara tì í, wọn á sì máa lọ. Mo fi àpáta sílẹ̀. Mo fi òkúta mọ bẹ́ǹṣì yí i ká, mo fi ọparun àti koríko ṣe ìbòrí fún un, mo gbé ìkòkò omi síbẹ̀. Onílé bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó yá, ẹni tó bá mu omi tán á rántí búrẹ́dì, ẹni tó bá ra búrẹ́dì á rántí ọṣẹ. Onílé dẹ́kun ìbínú. Èmi náà wá rò pé mo ti mọ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyá Fúnmi padà wálé sí Òkè-Bùkún, ní ilẹ̀ Bùnù. Kàdúná ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Fúnmi, wá sílé bàbá rẹ̀ tó ti darúgbó. Gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ àti ohun èlò ilé. Ó sọ fún mi pé bí ṣọ́ọ̀bù yìí ò bá dúró, òun ò ní ibòmíràn tí òun lè padà sí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Igi òrí kan wà lórí ilẹ̀ náà. Mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù yí i ká, tó fi jẹ́ pé ìdí igi wà nínú ilé, orí rẹ̀ wà lókè páànù. Mo fi òkúta mọ bẹ́ǹṣì síwájú, bíi ti Ẹ̀gbẹ́. Ó wá ku ògiri iwájú. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé Bùnù lòun dé. Mo lọ bá bàbá obìnrin náà, olóyè tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Àgbà. Mo bi í pé kí ni mo lè mú. Ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó jáde, ó gbé aṣọ pupa kan dání láti ìsàlẹ̀ àpótí. Aṣọ ìpò ni, aṣọ tí wọ́n ń hun ní Bùnù láyé àtijọ́, tí wọ́n máa ń so síwájú ilé bí àgbà olóyè bá kú, kí ayé lè mọ irú ẹni tó lọ. Ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀.

"Èyí," ó ní. "Kí ló tún wà ní Bùnù tó dára jù ú lọ?"

N kò ní purọ́ fún yín. Ọmọ Owé ní Kàbà ni mí, a kì í hun ún ní tiwa, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí aṣọ náà wà fún. Mo kàn rò ó pé ògiri kì í ṣe aṣọ. Mo rò ó pé ẹni tó ni ín ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún mi. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo lọ bu ilẹ̀ pupa ní ẹsẹ̀ òkè, mo pò ó mọ́ ọ̀dà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìlà. Ojoojúmọ́ ni Bàbá Àgbà ń gbé àga rẹ̀ wá. Á ní ìlà yìí ló ń ṣáájú, tọ̀hún ló ń tẹ̀ lé e, kí n má ṣe sáré. Ìyá Fúnmi ti ọjà dé láti Kàbà, ó wo ògiri, ó ní ó rẹwà. Kò tíì rí aṣọ ìpò rí láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù, àárọ̀ kùtùkùtù ni àwọn ènìyàn ti ń dé. Inú mi dùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé kò sí ẹni tó mú àpò dání. Àwọn obìnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn ìbátan wọ ọkọ̀ kan dé láti Ìyárá. Ọkùnrin kan fa ewúrẹ́ lọ́wọ́. Ìyá Fúnmi ń kí wọn káàbọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi abọ́ àti aṣọ hàn wọ́n. Wọ́n ń wò ó tìyanu-tìyanu, bí ẹni tí ìbànújẹ́ ti dà lórí rú. Obìnrin kan wá dì mọ́ ọn, ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, ó ní Bàbá gbìyànjú.

Kó tó dáhùn, Bàbá Àgbà yọ láti ẹ̀yìn ilé. Ó wọ agbádá, ó fọwọ́ gbé àga rẹ̀.

"Okun o," ó ní, bí a ṣe ń kíni ní ilẹ̀ wa.

Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú àwọn ará Ìyárá ti wà nínú ọkọ̀ kí n tó ṣẹ́jú. Bàbá Àgbà rọra jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ọmọ, ó ń béèrè oko, ó ń dúpẹ́ pé wọ́n wá. Ọkùnrin tó fa ewúrẹ́ ti ń rọra yí i padà. Bàbá Àgbà rí i.

"Má mú un lọ," ó ní. "N kò ní lè jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Fúnmi ò rẹ́rìn-ín. Ó ti wo ògiri, ó ti wo àwọn tó jókòó, ó ti mọ̀.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ṣọ́ọ̀bù mi lẹ fi ṣòkú ara yín?"

Bàbá Àgbà ò gbójú sókè. Ó ní ọmọ mẹ́fà lòun bí, mẹ́ta ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, mẹ́ta ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í fẹnu kò lórí ohunkóhun àfi ẹyọ kan, pé àwọn ò ní so aṣọ yẹn fún òun. Ó ní kí òun ṣáà rí i kí òun tó lọ ni. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "O ṣeun, ọmọ Owé. O yà á dáadáa."

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ẹ bá mi rò ó. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ ìyìn yẹn. Ojú sì ń tì mí. Méjèèjì dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjà kò tà. Ta ló máa lọ ná aṣọ nílé ọ̀fọ̀? Mo lọ bá ọ̀gá mi ní Ìyámoyè, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí ẹni tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ẹni tó ni ín. Ó dúró kí n sọ ìkejì. Kò sí ìkejì. Ó ní kí n lọ fi ẹfun kun ògiri náà, kí n fi ọwọ́ ara mi kùn ún.

Mo kùn ún. Òjò kan rọ̀, pupa là á jáde. Mo tún un kùn. Òjò tún rọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo kùn ún, ìgbà mẹ́ta ni ilẹ̀ pupa òkè yẹn gba abẹ́ ẹfun jáde. Nígbà tó yá, Ìyá Fúnmi ti ilẹ̀kùn, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Kàbà, ó lọ ń bá ẹlòmíràn tajà nínú ìsọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò bú mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Bàbá Àgbà kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Àwọn ọmọ ṣe bí wọ́n ti wí, wọn ò so nǹkan kan síwájú ilé. Ṣùgbọ́n àsìkò òjò ni. Ògiri ṣọ́ọ̀bù tí a ti tì náà pupa bíi pé àná ni mo yà á. Bí àwọn olùkẹ́dùn ṣe ń dé, wọ́n ń kọjá iwájú ilé, wọ́n ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì òkúta. Kò sẹ́ni tó darí wọn síbẹ̀. Èmi náà jókòó pẹ̀lú wọn. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá mo ba ayé ẹnì kan jẹ́ ni, tàbí mo ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹnì kan.

Mo ṣiṣẹ́ lọ. Mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù káàkiri, Mọ̀pà, Ìsánlú, títí dé Lọ́kọ́ja. Okùn tí a fi ń wọn ilẹ̀ di téèpù, èédú tí mo fi ń ya ilé sórí ilẹ̀ di bébà, bébà di kọ̀ǹpútà. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ táìlì ilẹ̀ àti àjà ilé oníke. Mo rí ẹni tó gé igi gidi kúrò lẹ́nu ọ̀nà, tó wá ra òdòdó oníke sínú ilé. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi fóònù rẹ̀ hàn mí, ó ní kò sí ìdí láti máa jókòó mọ́, pé fóònù á sọ ibi tí òjìji máa dé lóṣù yòówù kó jẹ́. Mo wò ó, òótọ́ ni. Mo bi í bóyá ó máa sọ ẹni tó máa fara ti àpáta. Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín.

Mo ti kó irinṣẹ́ mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí Fúnmi tó dé.

Ó ti di àgbà obìnrin. Abùjá ló ti kọ́ iṣẹ́ tí èmi ń ṣe, èyí tó ní orúkọ. Ó ní òun ti fi iṣẹ́ òun sílẹ̀, òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìyá òun padà ní Òkè-Bùkún, kí òun máa ta aṣọ òfì, òrí àti oyin fún àwọn àlejò tó ń wá wo òkè ilẹ̀ Okun. Gbogbo ohun tó ní ti wọ inú rẹ̀. Ó fi àwòrán bí òun ṣe fẹ́ kó rí hàn mí lórí fóònù: igi òrí nínú ilé, bẹ́ǹṣì òkúta mi, àti ògiri náà, ó pupa fòò.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí ìlà yẹn ṣe ń tẹ̀ léra."

Mo ní, ṣé ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun rántí ewúrẹ́. Ó ní láyé ìsinsìnyí, ògiri funfun ni kò ní jẹ́ kí àlejò yà, pé bí kò bá sí ọnà yẹn, ṣọ́ọ̀bù náà ò yàtọ̀ sí èyí tó wà níbi gbogbo.

Mo lọ bá ìyá rẹ̀ ní Kàbà. Ojú ti ń dùn ún báyìí, ó ń fi ọwọ́ wá nǹkan. Mo bi í léèrè ohun tó rò.

"Ẹ̀yin lẹ kùn ún ní pupa," ó ní, "ẹ̀yin náà lẹ kùn ún ní funfun. Èwo lẹ kábàámọ̀?"

Mo dìde, mo ní ó dàbọ̀.

Mo wá ní kí n pa òfin ọ̀gá mi mọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lánàá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Bùkún láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa rí i. Mo fi àwòrán hàn àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n á máa wá ya fọ́tò níbẹ̀. Ọlọ́kadà mi ní ó jọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí òun fẹ́ràn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ aṣọ ìpò. Ọkàn mi ti ń balẹ̀. Mo rìn dé ògiri náà, tí ẹfun tún ti bò lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn yìí, mo fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀, pupa àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ ẹfun. Bí mo ṣe ń ha á ni ìyá arúgbó kan tó ń ti oko bọ̀ dúró lẹ́yìn mi. Ó sọ ẹrù igi rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ibi tí mo ha.

"Ṣé Bàbá ò tíì lọ tán ni?" ó ní.

Kò dúró gba èsì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e lé itan. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń sinmi ni tàbí ó ń ṣọ̀fọ̀. Mi ò sì lè bi í.

Ọ̀la ni Fúnmi ń bọ̀ wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ọ̀dà ti wà nínú garawa. Mo ti fa irinṣẹ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èèkàn mẹ́ta ọ̀gá mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ìwọ tó ń gbọ́ mi, tó o ní o fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, bí búrọ́ọ̀ṣì yìí bá wà lọ́wọ́ tìrẹ, ẹni mélòó lo máa béèrè lọ́wọ́ wọn kí o tó kọjú sí ògiri náà, kí lo sì máa ṣe nípa ìyá tó jókòó síwájú rẹ̀?